Ṣẹ́ẹ̀kì Tí Kò Ní Owó Lẹ́yìn Kì Í Ṣe Gbèsè Lásán

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kíláàsì àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin ní ọjà wa, láti Kétu dé Pọ́bẹ̀, láti Sábẹ̀ dé Àjàṣẹ́. Bí ṣẹ́ẹ̀kì bá ti báńkì padà láìsí owó, ẹni tí ó kọ ọ́ kì í sá. Yóò ká apá agbádá rẹ̀ sí èjìká, yóò ní: « Ẹ má pariwo. Gbèsè ni mo jẹ, n kò jalè. » Àwọn àgbà tí ó jókòó yóò mi orí. Wọn yóò bẹ ẹni tí owó rẹ̀ há pé kí ó ṣe sùúrù, èèyàn ńlá ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tálákà bá jí ewúrẹ́ kan, àwọn àgbà kan náà ni yóò ní kí a dè é lókùn, kí a fà á lọ fún ọlọ́pàá.

A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ kan ni ọmọ yẹn jí. Ẹni tí ó fi ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo kó ọgbọ̀n àpò kajú lọ ti kó iṣẹ́ ọdún kan gbáko lọ. Ó kó oko tí a ro lọ. Ó kó ẹ̀yìn tí ìyàwó àti àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ ṣa kajú nínú oòrùn lọ. Ó kó owó ilé-ìwé lọ, ó kó owó oògùn lọ. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó jalè jù? Ẹ dá wa lóhùn.

GBÈSÈ YÀTỌ̀, ṢẸ́Ẹ̀KÌ YÀTỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ṣẹ́ẹ̀kì jẹ́. Ṣẹ́ẹ̀kì kì í ṣe ìlérí. Àṣẹ ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ ń sọ fún báńkì pé: « Owó mi wà lọ́wọ́ yín. Ẹ yọ iye yìí nínú rẹ̀, kí ẹ fún ẹni tí ó mú ìwé yìí wá. » Kò sọ pé « ẹ fún un nígbà tí mo bá rí owó ». Kò sọ pé « ẹ fún un bí ọjà mi bá tà ». Ó ní owó wà. Ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹni tí ó ra ọjà àwìn kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ lójú yín pé òun kò ní owó lónìí, ó sì ń bẹ̀ yín. Ẹ lè ní rárá. Ẹ lè fún un ní ìdajì. Ẹ lè ní kí ó mú onígbọ̀wọ́ wá. Ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fún yín ní ṣẹ́ẹ̀kì kò bẹ̀ yín rárá. Ó ní òun ti sanwó tán. Nítorí pé ẹ gbà á gbọ́ ni ẹ fi jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ gbéra. Bí kò bá sí owó ní báńkì, tí òun náà sì mọ̀ pé kò sí, àwìn kọ́ ni ó rà. Ẹ̀tàn ni ó ṣe, ó sì fi ìwé ṣe é.

Ìwé yẹn gan-an ni ó ń ṣẹ́gun wa. Àwa tí a kò tètè mọ̀wé, ìwé máa ń dẹ́rù bà wá. A rí orúkọ báńkì ńlá ti Kútọnu lórí rẹ̀, a rí nọ́ńbà gígùn nísàlẹ̀, a rí Faransé, a sì rò pé owó ni. Owó kọ́ ni. Bébà ni, títí owó yóò fi jáde.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn mínísítà UEMOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè 8 tí ó ń ná owó CFA kan náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí òfin kan lórí ṣẹ́ẹ̀kì àti àwọn ọ̀nà ìsanwó mìíràn. Orúkọ rẹ̀ ni Règlement nọ́ńbà 15 ti ọdún 2002. Òfin kan náà ni fún Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Nìjẹ̀, Bùrùkínà Fasò, Málì, Kódífúà, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gínì-Bìsáù. Ẹ̀yin ará wa ní Atakpamé, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ni a ń sọ.

Báyìí ni ó ṣe ń lọ. Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀kì lọ sí báńkì. Owó tí ó wà nínú kọ́ǹtì ẹni tí ó kọ ọ́ kò tó. Kọ́ǹtì ni àpò owó tí ènìyàn ní sí ọ̀dọ̀ báńkì. Báńkì yóò kọ̀, yóò sì fún yín ní ìwé tí ó sọ ìdí tí ó fi kọ̀. Lẹ́yìn náà, báńkì yóò fi lẹ́tà ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì. Ó ní ọjọ́ 30 láti tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ó lè wá san owó náà fún yín ní ọwọ́, kí ó sì fi ẹ̀rí han báńkì. Ó lè kó owó sínú kọ́ǹtì, kí báńkì dì í mú dè yín.

Ọjọ́ 30 yìí ni èsì wa fún àwọn tí ó ń sọ pé òfin kò láàánú. Àánú wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ṣi owó rẹ̀ kà, ẹni tí owó tí ó ń retí kò tètè wọlé, ẹni tí báńkì yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ nínú kọ́ǹtì tí kò sì mọ̀, gbogbo wọn ni òfin fi ọjọ́ 30 dúró dè. A kò pe àwọn yẹn ní olè. Ẹni tí ó bá fẹ́ san yóò san láàárín ọjọ́ 30. Ẹni tí ó ń lo àwọn ọjọ́ yẹn láti máa pa tẹlifóònù rẹ̀, òun ni a ń bá wí.

Bí ọjọ́ 30 bá kọjá láìsí owó, lẹ́tà kejì yóò dé. Èyí kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́. Ó ní kí ó dá gbogbo ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, ti báńkì yẹn àti ti báńkì yòówù tí ó bá tún ní kọ́ǹtì sí. Ó ní kò gbọdọ̀ kọ ṣẹ́ẹ̀kì mọ́ fún ọdún 5. Orúkọ rẹ̀ yóò wọ inú ìwé kan ní ọ̀dọ̀ BCEAO, báńkì àgbà tí olú ilé rẹ̀ wà ní Dakar. Báńkì yòówù gbọ́dọ̀ wo inú ìwé yẹn kí ó tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tuntun. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ní Kútọnu má rò pé òun yóò sá lọ sí Lomé lọ bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Orúkọ rẹ̀ yóò ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Ó wà. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ṣẹ́ẹ̀kì láti fi rẹ́ ẹlòmíràn jẹ, ọ̀nà ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún yín láàárọ̀, tí ó sáré lọ kó owó rẹ̀ kúrò ní báńkì lọ́sàn-án kí ẹ má bàa rí i gbà, bákan náà ni. Ẹni tí a ti ní kí ó má kọ ṣẹ́ẹ̀kì mọ́, tí ó tún ń kọ, bákan náà. Ẹni tí ó sọ fún báńkì pé « ẹ má san án » láìsí ìdí tí òfin gbà, bákan náà. Òfin gbà bí ṣẹ́ẹ̀kì bá sọnù, bí a bá jí i, tàbí bí a bá fi jìbìtì lò ó. Òfin kò gbà kí ènìyàn ní « mo ti yí ọkàn padà » nígbà tí kajú yín ti wà nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà kọjá ibodè, tí ẹ ń tà fún àwọn ará Ìmẹ̀kọ àti Ìdírókò, ẹ mọ̀ pé òfin Nàìjíríà náà le lórí èyí. Láti ọdún 1977 ni òfin kan ti wà níbẹ̀: ẹni tí a bá dá lẹ́bi pé ó fi ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo gba ọjà, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni, kò sì sí pé kí ó san owó rọ́pò. Kò sí apá ibodè kankan tí a ti lè sọ pé gbèsè lásán ni.

Ọ̀RỌ̀ BORÍ NỌ́ŃBÀ

Ibí yìí ni kí ẹ ti fi ara balẹ̀ kà, nítorí ẹ̀yin gan-an ni àwọn oníjìbìtì ń wá.

Ẹ ti kọ́ nọ́ńbà ní kíláàsì. Ẹ lè ka 720.000. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a ní ẹ ta ọgbọ̀n àpò kajú, àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 80. Ìyẹn kílò 2.400. Bí kílò kan bá jẹ́ 300 fáráǹkì, owó yín jẹ́ 720.000 fáráǹkì. Ẹni tí ó rà á mú ìwé ṣẹ́ẹ̀kì jáde. Ó kọ 720.000 sí ọwọ́ ọ̀tún lókè, nọ́ńbà gbòòrò, ó fi hàn yín. Inú yín dùn, ẹ ka nọ́ńbà náà sókè, ẹ ní ó pé. Ṣùgbọ́n lórí ìlà tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kọ iye owó, ní Faransé, ó kọ « soixante-douze mille ».

Kí ni ìyẹn? 72.000 ni. Ó yẹ kí ó kọ « sept cent vingt mille ».

Òfin sọ pé bí iye tí a fi nọ́ńbà kọ àti iye tí a fi ọ̀rọ̀ kọ bá yàtọ̀, èyí tí a fi ọ̀rọ̀ kọ ni ó borí. Ẹ ti kó kílò 2.400 jáde, ìwé yín sì sọ pé 72.000. Ọ̀rẹ́ wa tí ó kọ ọ́ yóò ní àṣìṣe ni. Bí ẹ bá ti rí i, ó ti fi odò mẹ́ta sí ẹ̀yìn.

Òótọ́ ni pé gbèsè 720.000 kò kú. Owó tí ó kù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ óo fi jẹ́rìí? Ìdí nìyẹn tí a fi ń wí fún yín pé kí ẹ máa kọ ìwé ìtajà, ní Yorùbá, pẹ̀lú ọwọ́ ara yín: ọjọ́, orúkọ, iye àpò, iye kílò, owó kílò kan, àròpọ̀. Kí ẹni tí ó rà fọwọ́ sí i. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹ má tijú. Ẹni tí ó bá bínú pé ẹ ní kí òun fọwọ́ síwèé, ẹ jẹ́ kí ó kó ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Kí ẹ sì lọ bá olùkọ́ yín. Kí ó kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ Faransé fún nọ́ńbà, láti « mille » dé « un million ». Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. A kò sọ pé kí ẹ fi èdè yín sílẹ̀. A ní kí ẹ mọ èdè tí wọ́n fi ń yan yín jẹ.

ÌWỌ̀FÀ OLÓWÓ FÀDÁKÀ

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí ó ń bí wa nínú, bóyá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn ayánilówó kan wà ní ìlú. Bí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tàbí oníṣòwò bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ wọn, wọn kì í béèrè ilẹ̀, wọn kì í béèrè onígbọ̀wọ́. Wọ́n ń ní: « Kọ ṣẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ fún wa. » Wọ́n mọ̀ pé kò sí owó nínú kọ́ǹtì rẹ̀. Bí owó bá wà níbẹ̀, kí ni ó wá yá? Wọn yóò ní kí ó fi ọjọ́ oṣù mẹ́fà sí i sórí rẹ̀. Àwọn mìíràn kò jẹ́ kí ó kọ iye rárá, wọ́n ní kí ó ṣáà fọwọ́ sí i, àwọn yóò kọ èyí tí ó kù. Lẹ́yìn náà wọn yóò ti ìwé náà mọ́ inú àpótí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù wọn ni ó ń bà á. Ó ń san èlé lórí èlé, nítorí wọ́n lè sọ ní ọjọ́ yòówù pé: « Ṣé kí a gbé ṣẹ́ẹ̀kì lọ? »

Àwọn baba wa mọ irú èyí. Ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san èlé owó tí ó yá, kò sì bọ́ títí owó yóò fi pé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ayé àtijọ́ ní ọjọ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ìwọ̀fà oníṣẹ́ẹ̀kì kò ní ọjọ́ kankan, nítorí bébà kì í sùn.

Ẹ gbọ́ ohun tí òfin sọ. Àkọ́kọ́, ọjọ́ iwájú tí a kọ sórí ṣẹ́ẹ̀kì kò ní agbára. Ṣẹ́ẹ̀kì jẹ́ ìwé tí a ń san nígbà tí a bá fi hàn. Bí ẹ bá kọ ọ́ lónìí, tí ẹ fi ọjọ́ oṣù kejìlá sí i, tí ẹni náà sì gbé e lọ sí báńkì ní ọ̀la, ọ̀la ni báńkì yóò wo kọ́ǹtì yín. Ọ̀la ni wọn yóò ní kò sí owó. « A jọ ṣe àdéhùn » kò ní gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ báńkì.

Ìkejì, èyí tí àwọn ayánilówó kì í sọ fún yín: ẹni tí ó mọ̀ pé ṣẹ́ẹ̀kì kò ní owó lẹ́yìn, tí ó sì gbà á bẹ́ẹ̀, òun náà ti rú òfin. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ èyí kí àwọn Faransé tó kọ òfin kankan dé ilẹ̀ wa. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan ni ẹ̀rù ń bà? Ẹni tí ó gbà á ni ó yẹ kí ó máa gbọ̀n jù, nítorí òun ni ó gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ náà, òun ni ó sì ń jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo fún ẹnikẹ́ni. Àní fún ẹ̀gbọ́n yín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀ náà, ẹ gbọ́. Bí ẹgbẹ́ bá ní kọ́ǹtì, tí alága àti akápò fi ìwé ṣẹ́ẹ̀kì ẹgbẹ́ ra ohun tí owó ẹgbẹ́ kò ká, orúkọ ẹgbẹ́ ni yóò wọ ìwé Dakar, nítorí ẹgbẹ́ ni ó ni kọ́ǹtì. Alága lè kúrò ní oyè lọ́la. Ọdún 5 yóò dúró ti ẹgbẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n máa ka iye tí ó wà ní báńkì sétígbọ̀ọ́ ìpàdé kí a tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì kankan, kí ìwé ṣẹ́ẹ̀kì má sì máa sùn sí yàrá alága.

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀

Ṣẹ́ẹ̀kì ti padà. Kí ni kí ẹ ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ ni ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ má dá ṣẹ́ẹ̀kì náà padà fún ẹni tí ó kọ ọ́ nítorí pé ó ní « ẹ mú un wá kí n fún yín ní òmíràn ». Ìwé yẹn ni ẹ̀rí yín. Kí owó kọ́kọ́ wọ ọwọ́ yín, kí ẹ kà á, kí ó pé, kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ti fi ẹ̀rí rẹ̀ gba ẹ̀rín músẹ́ àti ìgò ọtí kan.

Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó gbé e lọ sí báńkì. Òfin fún ṣẹ́ẹ̀kì ní ọjọ́ 8 bí ìlú tí a ti kọ ọ́ àti ìlú tí a óo ti san án bá jẹ́ ọ̀kan, àti ọjọ́ 20 bí ìlú méjì bá ni nínú orílẹ̀-èdè kan náà. Báńkì ṣì lè san án lẹ́yìn ọjọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pẹ́ ń fún olè láyè. Bí owó tí ó wà nínú kọ́ǹtì bá jẹ́ ìdajì, ẹ gba ìdajì. Òfin kò gbà kí ẹ kọ̀ ọ́, èyí tí ó kù ṣì jẹ́ tiyín.

Bí owó kò bá dé síbẹ̀, ẹ béèrè ìwé tí a ń pè ní « certificat de non-paiement » lọ́wọ́ báńkì. Ẹ mú un lọ fún òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí huissier. Bí huissier bá ti fi ìwé yẹn lé onígbèsè lọ́wọ́, àṣẹ ni pé kí ó san. Bí kò bá san, ó lè dé ibi tí a óo ti gba ẹrù rẹ̀ tà.

Àwọn kan yóò ní huissier jẹ́ ohun àjèjì. Rárá o. Ní ayé àwọn baba wa, bí onígbèsè bá ya olóríkunkun, ẹni tí ó jẹ lówó yóò lọ wá ológò. Ológò yóò wọ ilé onígbèsè, yóò jókòó sí ojúde. Yóò máa jẹ oúnjẹ wọn, yóò máa mu omi wọn, yóò máa pariwo títí gbogbo àdúgbò yóò fi mọ̀. Kò ní dìde títí owó yóò fi jáde. Huissier ni ológò tí ó mọ̀wé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kì í pariwo.

A mọ̀ pé huissier ń gba owó, a mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Àgbẹ̀ tí wọ́n jẹ ní 50.000 yóò rò ó wò, yóò rí i pé owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Àwọn oníjìbìtì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín in fún ènìyàn mẹ́wàá, díẹ̀ díẹ̀. Kí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà pé jọ, kí wọ́n dá owó jọ bí a ti ń dá àjọ, kí ẹnì kan nínú wọn kó ìwé gbogbo wọn lọ ní ọjọ́ kan. Ẹnì kan tí ó dá lọ rọrùn láti lé padà ní ẹnu ọ̀nà.

Fún ọjà ńlá, ẹ ní kí wọ́n mú ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí sí wá, èyí tí a ń pè ní « chèque certifié ». Báńkì ti dì owó rẹ̀ mú kí ó tó jáde. Tàbí kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù yín, kí ẹ rí i kí àpò àkọ́kọ́ tó wọ ọkọ̀. Ẹni tí ó ní owó kò ní bínú sí èyí.

Àwọn àgbà kan máa ń dá wa lóhùn pé báńkì gan-an ti jẹ owó ènìyàn rí, kí a má fi òfin báńkì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ ni. Ní ọdún 1988 àti 1989, báńkì ìjọba mẹ́ta, BCB, BBD àti CNCA, dẹnu kọlẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tí ó ní owó níbẹ̀ lọ títí, kò rí i gbà. Òṣìṣẹ́ ṣe oṣù mélòó kan láìgba owó. Ìjọba Ìyípadà ń pariwo lójoojúmọ́ pé òun ń jà fún àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́, àpótí owó sì ti gbófo. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ ọ́ di òfìfo? Àwọn tí ó súnmọ́ àṣẹ ni, tí wọ́n yá owó ńláńlá tí wọn kò san. Bí a bá bi wọ́n léèrè, kí ni wọ́n ń wí? « Gbèsè ni, kì í ṣe olè. » Ẹ rí i pé orin kan náà ni. Àwọn tí ó kọ ọ́ nígbà náà wọ aṣọ olóṣèlú. Àwọn tí ó ń kọ ọ́ lónìí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù.

Ó ku ohun kan tí a fẹ́ sọ fún àwọn báńkì àti fún àwọn aṣòfin. Ọjọ́ 30 tí òfin fún ènìyàn jẹ́ àánú, ṣùgbọ́n Faransé ni lẹ́tà ìkìlọ̀ fi ń dé. Ìyá oníṣòwò tí ó ní kọ́ǹtì ní Àjàṣẹ́, tí ó mọ Yorùbá kà dáadáa, yóò gba lẹ́tà náà, yóò fi sí abẹ́ ìrọ̀rí títí ọmọ rẹ̀ tí ó gbọ́ Faransé yóò fi dé fún ìsinmi. Nígbà náà ọjọ́ ti kọjá, orúkọ rẹ̀ ti dé Dakar. Báńkì tí ó ń fi Yorùbá polówó ara rẹ̀ lórí rédíò nígbà tí ó ń wá owó wa kò lè sọ pé Yorùbá kò ṣe é kọ nígbà tí ó bá fẹ́ kìlọ̀ fún wa. A kò béèrè ìwé ńlá. Ìlà mẹ́ta ni, nísàlẹ̀ lẹ́tà Faransé, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Gùn, ní Fọ̀n, ní Bàrìbá àti ní èdè gbogbo tí àwọn oníbàárà wọn ń sọ. Bí wọn kò bá rí ẹni tí yóò kọ ti Yorùbá fún wọn, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbí, ọ̀fẹ́ ni:

« Ṣẹ́ẹ̀kì tí ẹ kọ kò ní owó lẹ́yìn. Láti ọjọ́ ìkìlọ̀ yìí, ẹ ní ọjọ́ 30 láti san án. Bí ẹ kò bá san án, ẹ kò gbọdọ̀ kọ ṣẹ́ẹ̀kì ní báńkì kankan fún ọdún 5. »